Ayò Orí Fóònù Kò Lẹ́nu

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà díẹ̀ wá, n óò sì gbé e kalẹ̀ lónìí láìfepo-bọyọ̀. Níbikíbi tí àwọn olùfẹ́ àṣà wa bá ti péjọ báyìí, ẹnìkan kò ní ṣàì yọ fóònù rẹ̀ síta kí ó sì kéde pé ayò ọlọ́pọ́n kò lè parun mọ́, nítorí pé àwọn ọmọdé ti ń ta á lórí ẹ̀rọ, àti pé ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè bá ẹni tó wà ní Èkó ta á láìdìde lórí ibùsùn rẹ̀. Àwọn tó péjọ a sì pàtẹ́wọ́. Èmi kò bá wọn pa á. Ohun tí wọ́n ń ta lórí fóònù yẹn, òfin ayò ni ó ń tẹ̀ lé lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ ayò kúrò nínú rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣa gbogbo iṣu kúrò nínú àsáró tí ó wá ní kí á wá jẹun.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín mọ̀ ọ́n ta, nítorí náà n óò yára sọ bí ó ti rí fún àwọn tí kò mọ̀. Ojú méjìlá ni ọpọ́n ní, mẹ́fà fún ẹnì kìíní, mẹ́fà fún ẹnì kejì. Ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ni à ń kó sí ojú kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 48. Ẹni tí ó kàn yóò kó gbogbo ọmọ tó wà nínú ojú kan ní ìhà tirẹ̀, yóò sì máa jù wọ́n sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ sí apá ọ̀tún. Bí èyí tó gbẹ̀yìn bá bọ́ sí ìhà ẹnì kejì, tí ó sì sọ iye ọmọ inú ojú náà di méjì tàbí mẹ́ta, ó ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Bí a ti ń ta á lọ́dọ̀ wa ni mo sọ yìí. Ìlú mìíràn ní bí wọ́n ti ń ṣe tiwọn, n óò sì padà sórí èyí. Ọmọ ayò fúnra rẹ̀ jẹ́ èso igi ẹlẹ́gùn-ún kan. Ó le, ó ń dán, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí eérú. Ọmọdé tí kò ní ọpọ́n a gbẹ́ ihò méjìlá sí ilẹ̀, a sì wá òkúta wẹ́wẹ́. Eré náà kò náni lówó.

Ìdáhùn àkọ́kọ́ tí wọn yóò fún mi ni pé ayò jẹ́ eré ọgbọ́n orí àti ìṣirò, àti pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ bá ti lè ka ọmọ ayò láìṣìṣe, kò sí ohun tó sọnù. Ó dára. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ méjì kan ní Vrije Universiteit ní ìlú Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, so ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà pọ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n wo gbogbo bí ọmọ ayò ṣe lè tò sínú ọpọ́n awari. Awari yìí, ọmọ ìyá ayò wa ni: ojú méjìlá, ọmọ 48, jíjẹ méjì tàbí mẹ́ta. Ọ̀nà 889,063,398,406 ni wọ́n yẹ̀ wò. Èsì tí wọ́n rí ni pé bí àwọn méjèèjì tó ń ta á kò bá ṣàṣìṣe rárá, ọ̀mì ni yóò já sí. Láti ọdún náà, kò sí ohunkóhun tí eré yìí fi pa mọ́ fún ẹ̀rọ mọ́.

Ẹ wá jẹ́ kí n béèrè: ta ni ó torí ìyẹn sun ọpọ́n rẹ̀ níná? Bí ayò bá jẹ́ ìṣirò nìkan ni, ó ti parí ní 2002. Gbogbo àwọn tó ń ta á láti ìgbà náà ń fi àsìkò ṣòfò, nítorí pé ìdáhùn ti wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń ta á, wọn yóò sì máa ta á, nítorí pé kì í ṣe ìṣirò ni wọ́n jókòó tì.

Ọ̀rọ̀ ni wọ́n jókòó tì. Ẹni tó bá dé ìdí ọpọ́n kì í wí pé "ẹ káàsán" lásán. Ó ní bí a ti ń kí wọn: "Mo kí ọ̀ta, mo kí òpè." Ọ̀ta ni ẹni tó mọ̀ ọ́n ta, òpè ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ìdáhùn rẹ̀ sì ni pé ọ̀ta ló ń jẹ́, òpè kò gbọdọ̀ fọhùn. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀. Kí ẹni náà tó jókòó, ó ti pe àwọn kan ní òpè láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, gbogbo wọn sì ti yára dáhùn kí wọ́n má baà rò pé àwọn ló ń bá wí. Ìjà ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bínú.

Láti ibẹ̀ lọ, ẹnu kò ní sinmi. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́, nítorí pé òun ni gbogbo ẹjọ́ mi. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọdé kì í wo ojú àgbà kí ó sì bú u. Nílé, ó dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀, ó sì gbọ́ ohun tí wọ́n bá wí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ó dákẹ́. Ní ilé ẹ̀kọ́, ẹ mọ iye ibi tí wọ́n ti ń fi ìyà jẹ ọmọ nítorí pé ó sọ Yorùbá, ká má tilẹ̀ sọ ti pé kí ó fi Yorùbá dá àgbà lóhùn. Ìdí ọpọ́n nìkan ni ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ti lè wí fún ẹni àádọ́rin ọdún pé, "Bàbá, ẹ ti di òpè lónìí o." Àgbà náà kò sì ní gbọ́wọ́ sókè láti gbá a létí, ọ̀rọ̀ ni yóò fi dá a lóhùn: "Òpè yìí ló ń na bàbá rẹ láyò kí wọ́n tó gbé ìyá rẹ wọlé."

Ẹ tún gbólóhùn ọmọ yẹn wò. Ó pè é ní òpè, ṣùgbọ́n "ẹ" ló lò, kò lo "o". Ó bú u, ó sì bu ọlá fún un, nínú ọ̀rọ̀ kan náà. Bí ó bá ṣèèṣì wí pé "o ti di òpè," eré ti bàjẹ́ nìyẹn, wọn yóò sì lé e kúrò níbẹ̀. Kò sí ìwé tó lè fi irú èyí kọ́ ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, àfi kí ó jókòó síbẹ̀, kí ó ṣe é, kí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, kí ó sì padà wá lọ́jọ́ kejì. Bí ọmọ náà bá wá dàgbà tí ó fẹ́ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, tàbí fún àna rẹ̀, pé ohun tí wọ́n ń ṣe kò tọ̀nà, ibẹ̀ ni yóò ti rí ohùn tí yóò lò. Àwa tí a ń ráhùn pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í mọ̀ ju méjì lọ, kí wọ́n dákẹ́ bí odi tàbí kí wọ́n ya ìpáǹle, ṣé a ti béèrè ibi tí a fi ìlàjì sí?

Ojú lọ̀rọ̀ wà, ni àwọn baba wa wí. Wọn kò wí pé ojú fóònù.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, tí wọ́n bí sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ mi ní Ìbàdàn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó sì ti fi ọdún méjì ta ayò lórí fóònù rẹ̀. Mo mú un lọ sábẹ́ igi odán tí àwọn àgbàlagbà àdúgbò wa ti máa ń péjọ lẹ́yìn ìrun Alásàrì. Wọ́n fi jókòó sí iwájú Bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ọ̀ta pọ́ńbélé. Ọmọ náà pa á láyò. Wọ́n tún un ta, ó tún pa á. Ní gbogbo ìgbà yẹn, Bàbá ń sọ̀rọ̀: ó bú u, ó kì í, ó bi í léèrè bóyá oúnjẹ òyìnbó ló gbé ọgbọ́n wọ̀ ọ́ lára, ó ní kí ó rọra nítorí pé òun ní ọmọbìnrin tí òun lè fi fún un. Ọmọ náà ń wo ojú ọpọ́n. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó sọ pé "Ẹ ṣé, sà" lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ayò kejì parí, Bàbá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Ọmọ yìí, ṣé inú ń bí i ni? Ṣé mo ti ṣẹ̀ ẹ́ ni?"

Kò sí ẹni tó kan sáárá sí ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn, kì í sì í ṣe ìlara ló fà á. Ní tiwọn, kò sí ẹni tó bá wọn ta ayò. Ẹnìkan wá, ó ka ọmọ ayò dáadáa, ó sì lọ. Èmi kò dá ọmọ náà lẹ́bi. Ọdún méjì gbáko ni fóònù fi kọ́ ọ, kò sì bá a sọ gbólóhùn kan rí, àfi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tó fi ń sọ fún un pé ó ti borí. Ta ni ì bá kọ́ ọ pé Bàbá ń retí èsì?

Ẹ má sì gbàgbé àwọn òǹwòran. Lórí fóònù, ènìyàn méjì ni, tàbí ẹnìkan àti ẹ̀rọ. Lábẹ́ igi odán, mẹ́wàá ni, mẹ́jọ nínú wọn kò sì fọwọ́ kan ọmọ ayò rárá. Àwọn ló ń ṣèdájọ́, àwọn ló ń rántí pé báyìí gan-an ni lágbájá ṣe fìdí rẹmi ní ọdún tí wọ́n ṣe ọ̀dà sí òpópónà. Bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀ lórí òfin, àwọn ni yóò yanjú rẹ̀. Mo sọ pé n óò padà sórí ọ̀rọ̀ òfin: ẹni tó bá rìnrìn àjò dé ìlú mìíràn máa ń kọ́kọ́ béèrè pé, "Báwo ni ẹ ti ń ta á níbí?" Ta ni ó ni àwọn ọmọ tó bá ṣẹ́ kù sínú ọpọ́n? Ṣé ó tọ́ kí á jẹ gbogbo ohun tó wà ní ìhà ẹnì kejì tán? Ìbéèrè náà ni ìkíni àjèjì sí onílé. Ẹ̀rọ ti yan òfin kan ní tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí wọ́n bi léèrè. (Kódà orúkọ eré náà, wọn kò kọ ọ́ tọ́. "Ayo" ni mo rí nínú gbogbo èyí tí mo yẹ̀ wò, láìsí àmì ohùn. Ṣé ayọ̀ ni tàbí ayò? Èdè tí a fi orúkọ eré yìí ka góòlù bọ́ọ̀lù, tí a ń wí pé àmì ayò méjì sí òdo, ó yẹ kí ó rí àmì ohùn kan gbà lọ́wọ́ àwọn tó ní àwọn ń gbé àṣà rẹ̀ lárugẹ.)

Àwọn kan ní ẹ̀rọ sàn nítorí pé kì í ṣe màgòmágó. Òótọ́ ni pé ní ìdí ọpọ́n, ẹnìkan lè fi ọmọ ayò kan pa mọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, tàbí kí ó ju méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀ta fi ń fi etí ta ayò bí ó ti ń fi ojú ta á. Ìró ọmọ méjì kì í ṣe ìró ọmọ kan. Ọmọ tí kò bá ẹni tó lè rẹ́ ẹ jẹ jókòó rí, ìlú Èkó yóò kọ́ ọ ní owó iyebíye.

Ọ̀kan wà nínú àwíjàre wọn tí n kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin sì ni. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ igi tí mo mọ̀, ọkùnrin ló kún ibẹ̀, ọmọbìnrin tó bá sì dúró pẹ́, wọn a rán an níṣẹ́ omi. Fóònù kì í rán an níṣẹ́ omi. Ìyá mi àgbà a máa ta ayò nínú yàrá pẹ̀lú bàbá mi àgbà, ó sì ń nà án, ṣùgbọ́n kò jókòó níta rí. Àbùkù ìdí ọpọ́n ni èyí, a ó sì tún un ṣe ní ìdí ọpọ́n. Kí ẹ fa àga kan sí i fún un kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lókè òkun ńkọ́, tí kò sí ẹni tó mọ ayò ta nínú ilé wọn? Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá láti ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn. Ní ọdún 1974 ní Amẹ́ríkà, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré kan jáde tó ń jẹ́ Dungeons & Dragons. Àwọn ènìyàn a jókòó yí tábìlì ká. Ẹnìkan nínú wọn a máa pa ìtàn, a sì máa ṣe adájọ́. Àwọn yòókù a gba ipò akọni inú ìtàn náà, a máa sọ ohun tí akọni wọn ṣe, wọn a sì da ọmọ táyò láti mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe. Àlọ́ tí gbogbo ènìyàn jọ ń pa ni, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àrùn kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé ní 2020 (ẹ rántí pé ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ni wọ́n ti Èkó pa), ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé eré náà lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn náà ń jiyàn títí di òní bóyá ó dà bí ti orí tábìlì. Àwọn kan ní kò dà bíi rẹ̀, pé ènìyàn kò rí ojú ẹnìkejì rẹ̀ dáadáa, pé ẹni méjì kò lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí á gbọ́. Síbẹ̀ eré náà kò kú, ìdí rẹ̀ sì hàn gbangba: ohùn ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ohun tó gba inú wáyà kọjá ni ohun tí eré náà jẹ́ gan-an.

Àwa ńkọ́? Ọmọ ayò ni a fi ránṣẹ́, a sì fi ohùn sílẹ̀ sílé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má wí pé mo ní kí á sọ fóònù nù. Ẹ̀sùn mi ni pé àwọn tó ṣe àwọn ẹ̀rọ yìí wo ayò, wọ́n rí igi àti èso, wọn kò rí ènìyàn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí mo sọ níṣàájú ti padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gbé ọpọ́n kan dání lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ni òun àti Bàbá rélùwéè ti ń ta á lórí WhatsApp ní ọjọ́ Àìkú, tí a bá rí iná, tí dátà sì wà. Ọpọ́n wà níwájú oníkálukú wọn. Wọ́n fún ojú kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà láti ení dé ẹẹ́fà. Bí Bàbá bá pe "ẹẹ́rin", ọmọ náà yóò kó ojú kẹrin ti Bàbá lórí ọpọ́n tirẹ̀ pẹ̀lú. Ó ń falẹ̀. Nígbà mìíràn ọpọ́n méjèèjì kì í bára mu, wọn a sì fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá jiyàn lórí ẹni tó ṣì í jù. Àwọn òǹwòran ń yọjú sí fóònù Bàbá láti ẹ̀yìn, wọ́n ń bú ọmọ náà láti Ìbàdàn dé Peckham. Oṣù mẹ́ta ni ó fi ń dáhùn pé "Ẹ ṣé, sà." Nígbà tó di ọjọ́ kan, ó jẹ odindi ojú mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì wí pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwọn ọmọ yín wá, kí wọ́n wá gbà yín lọ́wọ́ mi." Fóònù bọ́ lọ́wọ́ Bàbá. Kò sí ẹni tó rántí ẹni tó pa ara wọn láyò lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ti ń ṣe áàpù, ẹ̀yin ni mo ń bá wí báyìí, mo sì mọ̀ pé àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú yín. Ẹ ṣí ohùn sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń ta ayò. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún òǹwòran mẹ́fà ó kéré tán, kí ẹ má sì pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjì náà fẹnu kò lórí òfin kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi àmì sórí orúkọ rẹ̀. Bí ẹ kò bá sì lè ṣe èyí, ẹ máa ta ọjà yín lọ, ṣùgbọ́n ẹ yọ ọ̀rọ̀ "àṣà" kúrò nínú ìpolówó yín.